Aṣọ Pupa Tí Àǹtí Tíréè So Mọ́ Òpó Iná

Àǹtí Tíréè kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀. Mo fi ìyẹn síwájú nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí dókítà béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nìyẹn.

"Sìgá mélòó ni màmá ń mu lójúmọ́?"

"Wọn kì í mu ún, sà."

Dókítà wo fọ́tò àyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wo ọmọ lójú. "Má fi pamọ́ fún wa o. A ò ní bá wọn jà."

"Mo ní wọn kì í mu ún, sà. Àwọn tó ń mu ún ni wọ́n máa ń gbé tíì fún."

Ìyẹn náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi gbé tíì, kọfí àti ohun mímu tútù fún àwọn tó ń gbafẹ́ nínú ọgbà ìlú, ọgbà gbangba tó wà láàárín ilé ìkàwé àti ibùdó ọkọ̀. Tábìlì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, igi ńlá méjì, òpó iná kan láàárín, ibi ìṣeré àwọn ọmọdé lẹ́bàá géètì. Ìsọ̀ tíì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onísọ̀, nítorí náà mo mọ ibi tí àga kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ọwọ́ òsì ni Àǹtí Tíréè fi ń gbé tíréè, ife mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì tún máa fi ọwọ́ ọ̀tún dé fìlà ọmọ ọlọ́mọ dáadáa bó bá ń kọjá. Bí o bá ní kó fi ṣúgà mẹ́rin sí tìrẹ, á wò ọ́ títí, á ní, "Ṣé kí n kúkú bu tíì díẹ̀ sínú ṣúgà?" Wọ́n ń wá láti òdìkejì ìlú torí kí ó lè bú wọn.

Kò yẹ kó kú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe kú, torí ó dà bí ẹni pé àwọn tó yẹ kó mọ̀ ti gbàgbé.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá nínú ilé tí àwọn aráàlú ń wọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, a pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè ibi tí èéfín yóò gbà lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkàwé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ mu sìgá yín nínú ọgbà." Wọ́n tún ya ọfà sí i, kí ọ̀nà má bàa ṣì wọ́n. Ta ni wọ́n rò pé ó wà nínú ọgbà? Òdòdó nìkan? Wọ́n gba òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó jókòó sínú yàrá amúlétutù sílẹ̀, wọ́n sì darí èéfín náà sí obìnrin tó gbé tíréè. Orúkọ tí wọ́n wá fún èyí ni ààbò ìlera.

Àǹtí Tíréè kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gé etí ìborùn rẹ̀ pupa kan, kò gùn ju apá lọ, ó so ó mọ́ òpó iná. Láràárọ̀, kí omi tíì àkọ́kọ́ tó hó, á gbójú sókè wo ibi tí ìrù aṣọ náà kọjú sí. Apá ibẹ̀ ló ń kó àwọn tó ń mu sìgá sí. Apá kejì ló ń fi àwọn ọmọdé, aboyún àti àwọn àgbàlagbà sí. Bí atẹ́gùn bá yí lọ́sàn-án, á tún dìde.

"Bàbá mi, ẹ dákun, atẹ́gùn ti yí o. Ẹ bá mi ṣí lọ sábẹ́ igi kejì."

"Àǹtí Tíréè, ọlọ́pàá afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi yín jẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dìde kí n tó tì yín mọ́lé."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé àga wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí aṣọ náà kò lè ṣe. Kò lè sọ ẹni tí yóò gbé tíì lọ sí ibi tí ìrù rẹ̀ kọjú sí. Obìnrin méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀kan lóyún nígbà náà, èkejì ní ikọ́ fée. Kò rán èyíkéyìí nínú wọn lọ síbẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ, láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ti géètì. Ní ọdún kẹta, ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn ló wá bá mi. "Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ ìwé sí àwọn ará ìgbìmọ̀. Agbára aṣọ yìí ò gbé e mọ́." A kọ ọ́, ojú ewé kan péré. Ohun kan la béèrè: kí wọ́n fòfin de sìgá níbi tí àwọn ènìyàn ń jókòó nínú ọgbà. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, ilẹ̀ gbalasa wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó tàbí ṣiṣẹ́. Ẹni igba ó lé mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa òwò, wọ́n ní ìwé olójú ewé kan tó béèrè ohun kan ṣoṣo máa ń rí ìdáhùn kíá. Àwọn olùkọ́ mi kò mọ ìgbìmọ̀ ìlú wa.

Oṣù méje kọjá kí ìdáhùn tó dé. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá. Àwo eérú sìgá méjìlá, tó wúwo dáadáa, tí àmì ìgbìmọ̀ wà lára wọn. Ẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Obìnrin ní èéfín ń pa òun, wọ́n ra àwo tí wọn yóò máa gbọn eérú sí fún un. Òun náà ló sì ń fọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán ọkùnrin kan wá yẹ ọgbà wò. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, torí èmi ni mo sọ fún Àǹtí Tíréè pé, "Ẹ fi aṣọ yẹn hàn án. Kó rí ìyà tí ẹ ń jẹ." Ó fi hàn án. Ó fà á lọ́wọ́ jókòó sí apá ibi tí èéfín kò dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún àlejò, ó gbé tíì fún un. Ọkùnrin náà ya fọ́tò aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Màmá, ọgbọ́n gidi rèé o." Ó mu tíì tán, ó lọ.

Ohun tó kọ sínú àbọ̀ rẹ̀ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò: "Àwọn tó ń lo ọgbà ti fúnra wọn wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ èéfín nípasẹ̀ aṣọ tí wọ́n so mọ́ òpó. Kò sí ìdí fún òfin lásìkò yìí."

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀. Ohun tí obìnrin yìí ṣe nítorí pé ẹ kò ṣe nǹkan kan, òun ni ẹ mú, tí ẹ fi ṣe ìdí tí ẹ kò fi ní ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo kà á fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ká ní mo jẹ́ kí èéfín fẹ́ sí ọkùnrin yẹn lójú ni, òfin ì bá ti dé."

A pe ẹjọ́ padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Alága rìnrìn àjò. Wọn kò pé. Ìwé wa sọnù, a kó òmíràn wá. Wọ́n ń pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọn kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni Àǹtí Tíréè kọ́kọ́ pọ ẹ̀jẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ, torí mo ti gbọ́ ọ sú. Wọ́n ní ìta gbangba ni, afẹ́fẹ́ yóò gbé èéfín lọ. Gbé e lọ síbo? Obìnrin kan wà tó ń wò ó láràárọ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó mọ ibi tó ń lọ gan-an. Wọ́n ní àwọn oníbàárà yóò sá. Èmi tí mò ń tajà níbẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rù bà, àbí ẹ̀yin? Èmi àti àwọn onísọ̀ méjì mú pẹ́ńsù, a béèrè lọ́wọ́ ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ń mu sìgá. Mẹ́rìnlélógójì nínú wọn ní àwọn yóò rìn dé ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀, àwọn yóò mu ún, àwọn yóò padà wá parí tíì àwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é. Ìgbìmọ̀ tó ní ọ́fíìsì, ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ kò rí i ṣe ní ọdún méjì.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjókòó rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ igi kejì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páálí sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣí i.

"Akọ̀wé, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ tó mi. Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan kọ́."

"Ó ní kí n ṣí, mo ṣí. Ká ní òfin ní kí n jáde, ṣé mi ò ní jáde ni? Ogójì ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì. Mi ò mu sìgá nídìí ọkọ̀ rí, torí òfin ni. Ìgbà wo ni mo kú?"

Ẹni tó ń mu sìgá ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tí ẹ ní ẹ ń gbèjà òmìnira wọn ń béèrè ìdí tí ẹ fi jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé, lórí bébà tó nípọn. Wọ́n pè é ní ìyá ọgbà. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe bẹ́ǹṣì kan, àwọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Mo lọ wo ibi tí wọ́n ti fi ẹfun sàmì sí. Abẹ́ igi kejì ni. Ọ̀kan nínú àwo eérú alámì ìgbìmọ̀ yẹn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìwé tí ì bá dá ẹ̀mí rẹ̀ sí gba ọdún méjì, kò tíì dé.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kà á tán, ó ká a padà. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé màámi ti gbọ́ òórùn sìgá tó. Kí wọ́n má gbé orúkọ màámi lọ síbẹ̀."

Mo ti sọ fún wọn. Ohun tó kù nìyí. Ìpàdé ìgbìmọ̀ wà ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Kí ìwé wa jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó mu omi. Kí ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá na ọwọ́ sókè lójú wa, ẹni tó fẹ́ òfin àti ẹni tí kò fẹ́, kí a kọ orúkọ kálukú sílẹ̀. Kí ọkùnrin tó ya fọ́tò wá ka àbọ̀ rẹ̀ sókè, kí ọmọ òkú gbọ́. Bẹ́ǹṣì lè dúró. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan dúró.

Obìnrin tó ní ikọ́ fée ló ń gbé tíréè náà báyìí. Abiyamọ ọlọ́mọ méjì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ó bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé kí n máa wo aṣọ yẹn lọ?" Mo ní kó máa wò ó títí di Ọjọ́bọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni yóò tú u kúrò lára òpó, màá sì gbé e wá sórí tábìlì yín. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ojútùú wa. Nígbà náà, kí ẹ wo ojú obìnrin yìí, kí ẹ sọ fún un ẹni tí yóò gbé tíì lọ sí ibi tí ìrù aṣọ náà kọjú sí.