Okùn Tí Ará-Ọ̀hún Kò Tíì Jọ̀wọ́

Bí ẹ bá rí Baba Dìímú níbi tó jókòó sí, ẹ ó rò pé ó ń bá ẹnìkan jà ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ itan. Bó bá fẹ́ mu omi, ọwọ́ ọ̀tún ni. Bí ẹ̀yìn bá ń yún un, ọwọ́ ọ̀tún náà ni, kódà níbi tí ọwọ́ ọ̀tún kò ti lè dé. Àwọn ará àdúgbò ní rọpárọsẹ̀ ló mú un. Irọ́ ni. Ọwọ́ náà lágbára ju tèmi àti tiyín lọ, agbára ọ̀hún gan-an ló sì ń dẹ́rù ba ẹni tó ni í.

Ọmọ ogun ojú omi ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe irú èyí tó ń yìnbọn o. Ọkọ̀ apèsè ni tiwọn: epo, omi mímu, ìrẹsì, ànàmọ́, ọṣẹ, àpò lẹ́tà, àwọn nìyí tí wọ́n ń gbé lọ bá àwọn ọkọ̀ ogun tó wà láàárín agbami tí kò ráyè padà sí èbúté. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì kì í dúró. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń sáré lọ, omi á máa hó yaya láàárín wọn, wọn á wá na okùn láti orí ọ̀kan sí orí èkejì, ẹrù á sì máa gba ojú okùn kọjá. Ẹni tí kò bá rí i rí á ní orí wọn ti dàrú.

Nínú gbogbo okùn wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tó tín-ín-rín, tí wọ́n so àsíá wẹ́wẹ́ mọ́ lára kí wọ́n lè mọ bí ọkọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra. Èyí nìkan ni wọn kì í so mọ́ nǹkan kan. Èèyàn ló ń di ìdí rẹ̀ mú níhìn-ín, èèyàn ló ń di ìdí kejì mú lọ́hùn-ún, nítorí bí wọ́n bá so ó, tí ọkọ̀ yà lójijì, á já, á sì gé ẹni tó bá kàn. Iṣẹ́ Baba Dìímú nìyẹn. Igbe “Dì í mú!” tó máa ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, orúkọ yẹn ló ń pè é títí tó fi kú.

Ọkùnrin kan wà lórí ọkọ̀ ogun kan tó máa ń di ìdí kejì mú. Ará-Ọ̀hún ni Baba Dìímú ń pè é. Wọn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ rí, wọn ò mọ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n ó mọ eyín tó ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà kan Ará-Ọ̀hún fi ọṣẹ olóòórùn ránṣẹ́ láàárín ẹrù, òun náà fi fìlà ránṣẹ́ padà. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kúrò nídìí okùn àfi bí ẹnì kejì bá na ọwọ́ sókè, tó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn ló ń sọ pé, “Mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀, máa lọ.”

Lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹrù ti kọjá tán, ó ku okùn tín-ín-rín yìí. Ni kùrukùru bá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kò rí ọkọ̀ kejì mọ́, kò rí Ará-Ọ̀hún, àsíá tó sún mọ́ ọn jù lọ nìkan ló ń rí. Ó ń retí àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ kò yọ. Okùn ṣáà ń fà á, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa ìró ìyá rẹ̀ pé kó wẹ̀yìn. Ìgbì kan wá gbé ọkọ̀ yà, ọ̀gá kan pariwo pé kó jù ú sílẹ̀. Kò jù ú. Ọ̀gá yẹn fa àáké yọ, ó gé okùn náà lára irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Okùn sáré wọ inú funfun yẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó kan omi.

Ọkọ̀ ogun náà kò dé èbúté kankan. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí igi, wọn ò rí pákó. Ṣùgbọ́n fífà tó wà lọ́wọ́ Baba Dìímú kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀sán ló sábà máa ń dé, bí afẹ́fẹ́ bá parọ́rọ́. Ọwọ́ òsì á pa dé fúnra rẹ̀, á sì máa lọ sí apá ibi tí òkun wà. Ìgbà kan, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ mú lọ́wọ́ létí títì, ọmọ náà kéré nígbà yẹn. Fífà dé. Kó tó mọ nǹkan tó ń ṣe, ó ti wọ́ ọmọ bọ́ sí ojú títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gba iwájú wọn kọjá fìrì. Láti ọjọ́ náà kò di ọmọ kankan mú mọ́. Kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ta ni èèyàn á sọ irú ẹ̀ fún?

Àwọn méjì péré ló mọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́: Kúùkù tó ń se oúnjẹ wọn, àti Ẹ́ńjìnnì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n máa ń wá sílé rẹ̀ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Kúùkù tún ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn àpò àlùbọ́sà tó já bọ́ sómi, tí òun fi sunkún àlùbọ́sà láì tíì rẹ́ ẹ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin Baba Dìímú gbé ọmọ tirẹ̀ jáde. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ní òkè òkun, ọ̀la sì ni òun àti ọmọ ń lọ.

“Bàámi, ẹ gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n ya fọ́tò yín.”

“Gbé e kalẹ̀ sórí ẹní, ìyá mi. Mò ń wò ó.”

“Ẹ̀ ń wò ó! Èmi náà, wíwò lẹ wò mí dàgbà.” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Ẹ má bínú. Ẹrù ṣì kù tí mo fẹ́ dì.” Ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé lọ.

Ó dun Baba Dìímú wọnú eegun. Omi lé ròrò sí i lójú.

“O ò ṣe sọ fún un?” Kúùkù bi í.

“Kí n ní kí ni? Kí n ní ẹni tó ti lọ ń fa ọwọ́ mi?”

Ẹ́ńjìnnì yọ ẹnu sí i. “Ṣebí àtẹ́lẹwọ́ lo ń retí? A ó fi hàn ọ́ lónìí. Ẹ dìde.”

Ó tú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí lágbàlá, ó ká aṣọ ọmọ orí rẹ̀ kúrò, ó sì gbàgbé àwọn ìbọ̀sẹ̀ pípọ́n kéékèèké tí wọ́n fi ìkọ́ há mọ́ ọn. Ó fẹ́ so ìdí kan mọ́ irin géètì.

“Má so ó!” Baba Dìímú bú mọ́ ọn. “Ará ìsàlẹ̀ ọkọ̀ burúkú! Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú!”

Kúùkù bá di ìdí kan mú nídìí géètì, Baba Dìímú di èkejì mú lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì fi dì í, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fà á le. Ẹ̀rín ń pa Ẹ́ńjìnnì. Àwọn arúgbó tó ń ṣeré ọmọdé.

Afẹ́fẹ́ parọ́rọ́. Fífà dé.

“Kúùkù, ṣé ìwọ lo ń fà á?”

“N ò fà á o.” Kúùkù na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Ó yá, mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Máa lọ!”

Okùn kò wálẹ̀.

Ó nà gbọọrọ láti ọwọ́ Baba Dìímú dé iwájú géètì, ìdí rẹ̀ dúró lójú òfuurufú, kò sí nǹkan kan tó dì í mú. Àwọn ìbọ̀sẹ̀ pípọ́n kò mì. Kúùkù rọra ń fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ẹ́ńjìnnì.

“Ẹ̀yin bàbá, ta ló tú okùn aṣọ mi?” Ọmọbìnrin náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ bọ̀, ọmọ wà ní èjìká rẹ̀. Ó rí okùn, ó dúró sójú kan.

Ọmọ náà ní tirẹ̀ ń wo ìdí okùn. Kì í ṣe Kúùkù ló ń wò, Kúùkù ti wà lẹ́bàá ògiri. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń wo ojú ẹni tó ga. Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí kì í juwọ́ sí ẹnikẹ́ni àfi bí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ juwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, Kúùkù tó ti ń tàn án láti àná mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ kékeré sókè, ó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́.

Okùn já bọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ́.

Ọwọ́ òsì Baba Dìímú ṣí. Ó ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò sí fífà níbẹ̀, àfi ojú ibi tí okùn tẹ̀. Ó na án sí ọmọbìnrin rẹ̀.

“Gbé e wá.”

“Bàámi, ta ló wà ní géètì?”

“Gbé e wá ná, ọmọ mi. Mà á sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ.”

Ó gba ọmọ náà, ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ fi gbà á, ó sì gbé e mọ́ àyà. Ọmọ gba èjìká rẹ̀ wo géètì. Ó ṣì ń juwọ́, ó ń nà án sókè sí i, ó ń na ọrùn, bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó ti ń jìnnà.