Ilé Ijó Tí Wọ́n Lé Ẹ̀mí Burúkú Jáde Nínú Rẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba rántí pé a máa ń jó ní Àgbádárìgì. Wọ́n rán obìnrin kan àti ayàwòrán rẹ̀ wá láti ìgboro Èkó, pé kí wọ́n wo àwọn ilé ijó olókìkí ayé ijọ́un, kí wọ́n lè ri pátákó ìrántí síwájú wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n mú wọn kiri, torí mo ta gìtá fún ẹgbẹ́ eléré kan nígbà èwe mi. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ohunkóhun, àyàfi ọ̀nà ilé epo.

Èyí àkọ́kọ́ wà ní Morogbo tẹ́lẹ̀. Mo ní "tẹ́lẹ̀", torí ọ̀nà márosẹ̀ ti gbé e mì. Mo tọ́ka sáàárín títì, mo ní, "Ibi tí tírélà yẹn ń gbà yẹn, orí ìtàgé ni." Ayàwòrán ya ọ̀dà títì dáadáa. Àwòrán tó dára ni.

Èkejì wà létí ọ̀sà, òun ló lókìkí jù. Àwọn èèyàn máa ń ti Kútọnu wá jó níbẹ̀, àwọn ará Gberefu á wọ ọkọ̀ ojú omi wá, wọ́n á gbé bàtà wọn lé àyà kí omi má bàa bà á jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni báyìí. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ jáde pàdé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn ò tíì bí nígbà tá à ń jó.

"Ihò ẹ̀ṣẹ̀ ni ibí tẹ́lẹ̀," ó ní. "A gbààwẹ̀ gidi ká tó lé ẹ̀mí burúkú inú rẹ̀ jáde."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí burúkú ni wá. Ebi ló máa ń pa wá jù.

Obìnrin ará Èkó bi í pé, "Ta ló máa ń kọrin níbí nígbà yẹn, sà?"

Kí ó tó dáhùn, ẹnì kan sọ̀rọ̀ láàárín àwọn akọrin tó ń ṣe ìdánrawò nínú ilé. "Èmi ni."

Ìyàwó mi ni. Mùsùlùmí lèmi, ọmọ Ègùn onígbàgbọ́ lòun, òun ló sì ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà. Orí ìtàgé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Kò sẹ́ni tó bi í rí, òun náà kì í sì í ròyìn ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin kẹ̀?" ni pásítọ̀ wí.

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Ibi tí ẹ ti ń wàásù gan-an ni mo máa ń dúró sí. Ṣé ẹ ò rí i bí ohùn ṣe ń dún dáadáa níbẹ̀?"

Pásítọ̀ ní òun á gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ pátákó náà. Ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì sọ fún un pé kí wọ́n má ri pátákó kankan síbẹ̀. Ìjọba ò fẹ́ kí pátákó ṣòfò, wọ́n rì í síwájú ọgbà ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lódìkejì títì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti jó rí, àfi ẹni tí búlọ́ọ̀kù bá já lé lẹ́sẹ̀.

Àmọ́ àwọn akọrin ò jẹ́ kí ìyàwó mi sinmi mọ́. "Màmá, ẹ kọ́ wa lórin ìgbà yẹn." Pásítọ̀ gbà fún ọjọ́ ìkórè, bí wọ́n bá ti lè yọ orúkọ ọtí kúrò, kí wọ́n fi Jésù rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sábẹ́ igi àgbọn níta, mo ń gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ti wúwo díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí gìtá mi máa ń wọlé, ó dákẹ́. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ò mọ ohun tí yóò ṣe, òun náà dáwọ́ dúró. Mo fi ìka ta apá ti gìtá yẹn lórí itan mi títí tí ìyàwó mi fi tún gbé orin.