Irọ́ Tí Màmá Àdùnní Pa fún Ikú

Mo fi ewú orí mi búra, mo fi eyín méjì tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi búra: gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni látòkè délẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá sílé mi ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, kó wo yàrá kejì lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni Ìwàlẹwà ń gbé.

Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan níbí. Àìsàn tí à ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde ni wọ́n bí mọ́ ọn, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń gbógun ti eegun. Bí ara rẹ̀ bá dá, ẹ ò lè mọ̀. Bàtà rẹ̀ á máa dún kò-kò-kò lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láàárọ̀, á ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ìyàwó tuntun dà?" Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá dé, á dà bíi pé wọ́n ń fi òòlù lu eegun rẹ̀. Kì í ké. Orin ìjọ wọn ni á máa kùn nínú imú, láìla ẹnu.

Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ìjókòó, kí wọ́n sì ka òun mọ́ àwọn aláìlera tí ọ́fíìsì náà ń bá ra oògùn lóṣooṣù. Wọ́n ní kó dúró de ìgbìmọ̀. Ibi tó ti ń dúró ni àìsàn ti gbé e ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Iléṣà, nítòsí àwọn èèyàn rẹ̀.

Màmá Àdùnní, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ àgbà, ló wá láti Ifẹ̀wàrà wá tọ́jú rẹ̀. Àṣà kan wà nínú ìdílé wọn: bí ẹni tó ní irú àìsàn yìí bá wà láàárín kíkú àti yíyè, wọ́n á sọ fáráyé pé ó ti kú. Wọ́n gbà pé Ikú á gbọ́, á rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà tán, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Kàdíjátù, tí òun àti Ìwàlẹwà jọ ń jókòó nídìí tábìlì kan lọ́fíìsì, pe fóònù láti béèrè àlàáfíà rẹ̀, Màmá Àdùnní ló gbé e.

"Ó ti kú," ni ìyá náà wí. "A ti sin ín. Ẹ má pè é mọ́."

Ọmọ náà yè. Ó pẹ́ kó tó lè fẹsẹ̀ rìn. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Old Garage, ó sì rí Kàdíjátù níbi tó ti ń ra búrẹ́dì. Inú rẹ̀ dùn. "Àǹtí Kàdí!"

Kàdíjátù yíjú. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìnnà lílláhì!" Ó kó sínú ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ìkìrun ni wọ́n já a sí. Nígbà tí Ìwàlẹwà dé ọ́fíìsì, máígádì wọn fo géètì, fìlà rẹ̀ sì dúró lófuurufú fúngbà díẹ̀ kó tó rántí pé ó yẹ kóun tẹ̀lé ọ̀gá òun.

Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń rò: àkúdàáyà, ẹni tó kú síbì kan tó tún lọ ń gbé ibòmíì bí alààyè. Wọ́n ní bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, á pòórá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wò ó lójú. Wọ́n ti ṣàdúrà òkú fún un, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé, ọ̀gá wọn, ti bá a sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, tàbí ohun yòówù kó o jẹ́, ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀. Mú ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wá, kó pè ọ́ lórúkọ lójú wa. Bí kò bá sí, a ó fi ẹlòmíì sípò rẹ."

Bí iṣẹ́ bá lọ, oògùn lọ nìyẹn.

Ó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án. "Bàbá, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ rí òjìji mi?"

Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ilẹ̀. Òjìji náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ẹsẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí òjìji tó tẹ̀lé e, bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Mo rí i," ni mo wí. "Ó tiẹ̀ ga jù ọ́ lọ."

Màmá Àdùnní ni fóònù Ìwàlẹwà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn, nítorí náà a pè é pé kó sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tí mo tàn ń gbọ́ wa," ó ní. "Bí mo bá sọ pé ọmọ yìí wà láyé, tó bá padà wá ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ó dá a lóhùn? Ẹ jẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀. Á pẹ́ láyé."

Ìwàlẹwà gba fóònù. "Màmá, ta ni yóò máa ra oògùn fún òkú?"

Ìyá náà pa fóònù.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a lọ sílé Kàdíjátù ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Fèrèsé nìkan ló ṣí, ó sì fi ìborùn bojú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ. Mo ti ṣe sàráà nítorí rẹ̀. Kí ló tún ń fẹ́?"

"Sàráà kí ni?"

"Mọ́sà, Bàbá."

"Mọ́sà! O ò sì fi tèmi ránṣẹ́."

"Àǹtí Kàdí, èmi ni," ni Ìwàlẹwà wí.

"Má dárúkọ mi!"

A dúró títí. Ni Ìwàlẹwà bá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di orúnkún mú. Orin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti imú rẹ̀ jáde. Ó ṣe díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Kàdíjátù jáde tòun ti omi gbígbóná àti táwẹ́ẹ̀lì, ó kọ ojú sí ògiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí orúnkún ọmọ náà, bó ṣe máa ń ṣe fún un lọ́fíìsì.

"Ta ló kú tí eegun ṣì ń dùn ún?" ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run ò burú tó báyẹn. Tọ̀tún ni àbí tòsì?"

"Méjèèjì."

"Òpùrọ́. Tọ̀tún ló máa ń ṣáájú."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi náà bá wọn lọ, mo jókòó lẹ́yìn. Kàdíjátù pè é lórúkọ níwájú ìgbìmọ̀, ó sì di ojú méjèèjì bó ṣe ń pè é. Ìwàlẹwà kò pòórá.

"Ìwọ náà sọ ọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé wí. "Sọ ọ́ sókè."

Iná ti lọ, fáànù ti dúró. Ìwàlẹwà wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹnì kan dúró níbẹ̀.

"Èmi Ìwàlẹwà, mo wà láàyè."

Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé fúnra rẹ̀ ló dìde lọ tì í.

Wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, iṣẹ́ ìjókòó, oògùn sì ń dé lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ó ti yí àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, àfi tónítọ̀hún bá wá síwájú kó rí ojú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Bàbá," ó ní, "mo ti sọ ibi tí mo wà fún Ikú. Ó kù kó wá. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni yóò bá mi."

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún ìtàn yìí: máígádì yẹn kò tilẹ̀ dé fìlà lọ́jọ́ náà.