Èènì Yésúfù

Kò sí ẹni tó gbé Ìdímù lọ́dún tó tẹ̀lé Fẹ́sítáàkì tí kò mọ Jàfárù mẹkáníìkì. Bí ẹ ò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó pupa, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìbínú rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Bí nọ́ọ̀tì bá há mọ́ ọn lọ́wọ́, á bú nọ́ọ̀tì, á bú ẹni tó dè é, á bú ìyá ẹni tó rọ ọ́. Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé òun ò fẹ́ ọkọ, iná lòun fẹ́.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ìbínú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nídìí. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń la títì ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí tọ́bò lára lọ́rì: èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì á máa yí abẹ̀bẹ̀ kan, ìyẹn á máa yí èkejì, èkejì á wá máa ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá, agbára á sì gorí agbára. Jàfárù sọ lọ́jọ́ kan pé ẹ́ńjìnnì Pijó lásán, oní-písítìn mẹ́rin, lè gba irú rẹ̀ bí èèyàn bá tún inú rẹ̀ ṣe. Fọ́ọ̀mánù òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kó kúkú lọ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ náà bá òyìnbó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ọjọ́ yẹn ló ju sípánà sílẹ̀, kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọdún méjì gbáko ló fi ṣa ohun èlò jọ. Ó tú tọ́bò lára lọ́rì kékeré kan tó dojú dé. Atukọ̀ òkun kan bá a ru písítìn mẹ́rin wá láti Jámánì, àwọn tó le dáadáa, tí orí wọn jìn bí àwo ọbẹ̀, tí kò sí irú wọn ní gbogbo Èkó. Ó ta tapólì yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, ó ní ẹni tó bá yọjú síbẹ̀ á rí ìjà.

"Iṣẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà lé lórí, wọn ò ní í fi ẹ̀rín kọ́ ọ lọ́wọ́ mi," ló máa ń wí.

Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá ló wá gbé Pijó rẹ̀ kan fún un kó fi dán an wò. Aládùúrà oní-sùtánà funfun ni, ó ní mọ́tò mẹ́rìnlá tó ń kérò lọ sí Abẹ́òkúta.

"Jàfárù, wọ́n ní orí ẹ ti dàrú. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí Pijó yìí bá gbé mi dé Abẹ́òkúta, tó sì gbé mi padà, gbogbo mọ́tò mi di tìẹ láti máa tún ṣe. Bí kò bá gbé mi padà, má tún bá mi sọ̀rọ̀ tọ́bò mọ́ láéláé."

"Bàbá, ẹ ti dé Abẹ́òkúta ná."

Àṣírí iṣẹ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó fẹ́ gba àlejò púpọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ yàrá rẹ̀. Tọ́bò ń ti atẹ́gùn púpọ̀ wọlé, nítorí náà àyè tó wà lókè písítìn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bó bá há, epo á máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ooru á sì yọ́ písítìn bí òrí. Ìdí tí Jàfárù fi wá písítìn olórí jíjìn nìyẹn. Ìdí tó fi fọwọ́ ara rẹ̀ gé gásíkẹ́ẹ̀tì bàbà tó nípọn nìyẹn.

Ó ku tọ́ọ̀pù, irin tó máa ń dé ẹ́ńjìnnì lórí. Tọ́ọ̀pù náà ti ká díẹ̀, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ fá a kó tẹ́jú. Jàfárù fi aṣọ wé e, ó gbé e lọ bá Yésúfù ní Dopemu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọdún mọ́kànlá ni Yésúfù, ọmọ Ìbàdàn, ẹni jẹ́jẹ́ tó láwọ́. Òun nìkan ló kù tí Jàfárù ò tíì bú kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá Mọ̀dínátù, ẹ ṣàlàyé fún Yésúfù o," Ìdíátù ti sọ fún un kó tó jáde nílé.

"Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Yésúfù tú aṣọ náà, ó yẹ irin wò. "Tọ́ọ̀pù Pijó. Kí lo fẹ́ fi ṣe tí o fi wé e bí ọmọ tuntun?"

"Fá a kó tẹ́jú. Èyí tó kù ò kàn ẹ́ jàre."

"Ó dáa o. Ṣèbí èmi ni mo béèrè."

Nígbà tí Jàfárù ń to ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tí kò wọ̀n. Ó wọn písítìn, ó wọn rìǹgì, ó wọn gásíkẹ́ẹ̀tì. Tọ́ọ̀pù nìkan ni kò wọ̀n, nítorí ọwọ́ Yésúfù ló ti wá.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n gbéra. Ọdẹ́tọ́lá ti ìsìn dé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, kò wọ bàtà, ó ní òun lòun máa wa ọkọ̀ òun. Wọ́n kọjá Agége, tọ́bò ń súfèé. Wọ́n kọjá Ọ̀tà, wọ́n ń fi àwọn ọkọ̀ ńláńlá sílẹ̀ lẹ́yìn.

"Jàfárù! Ẹ̀mí ló gbé kinní yìí ni?" Bàbá ń kígbe, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá.

Jàfárù ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú fọ́ọ̀mánù òyìnbó nínú ara rẹ̀ ní méní-méjì. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kan kí wọ́n tó dé Ìfọ̀ ló gbọ́ ọ: kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Epo ti ń gbiná ṣáájú àsìkò.

"Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò! Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo ní!"

"Ó ṣe jẹ́? Ó ń dùn mọ́ mi o!"

Ẹ́ńjìnnì bú gbàù. Èéfín bo sùtánà funfun. Ọdẹ́tọ́lá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dà títì ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó wo Jàfárù. "Ó tó," ló wí, ó sì dá mọ́tò mìíràn dúró, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u.

Wọ́n fi okùn wọ́ Pijó dé Ìdímù lọ́jọ́ kejì. Jàfárù tú ẹ́ńjìnnì: písítìn méjì ti lu. Ìgbà náà ló wá wọn tọ́ọ̀pù. Họ́wù! Irin ti fò lọ lára rẹ̀. Wọ́n ti fá a ju kó tẹ́jú lọ fíìfíì, tọ́ọ̀pù ti sún mọ́ písítìn jù, gbogbo àyè tó fi ọdún méjì wá ti pòórá. Ó gbé tọ́ọ̀pù lé èjìká, ó mú sípánà tó gùn jù, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Dopemu.

"Yésúfù! Ta ló rán ẹ sí mi? Kí ni mo fi ṣe ẹ́ tí o fi fá tọ́ọ̀pù mi tó báyìí?"

Àwọn mẹkáníìkì sá jáde. Yésúfù wo sípánà, kò kúrò níbi tó wà.

"Mo fá a kó tẹ́jú. Mo wá ṣe èènì lé e."

"Èènì kẹ̀?"

"Èènì tí mo máa ń ṣe fún ẹ. Ta ni kò mọ̀ pé bí a bá fá tọ́ọ̀pù díẹ̀ sí i, mọ́tò á máa fò? Gbogbo èyí tó o ti gbé wá fún ọdún mọ́kànlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún. O ò dúpẹ́ rí, n ò sì bínú."

"Èyí yàtọ̀!" Jàfárù pariwo. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó he ẹfun, ó ń yà á sára ògiri: èéfín rèé, abẹ̀bẹ̀ rèé, atẹ́gùn rèé, àyè tó yẹ kó fẹ̀ rèé. Itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bú wọn, ó sì ń kọ́ wọn, títí kò fi ku ẹyọ kan tí kò sọ.

Yésúfù fi ìka tọ ẹfun náà lára ògiri.

"Ṣé àyè lo ń wá? Kò le. Inú tọ́ọ̀pù ni ǹ bá gbẹ́ fún ẹ, kó jìn dáadáa. Ibẹ̀ ni ǹ bá ṣe èènì sí. Mo ṣáà bi ẹ́."

Jàfárù wo àwọn tó yí i ká. Àṣírí ọdún méjì ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn báyìí, lọ́fẹ̀ẹ́, písítìn sì ti lu. Ó jókòó sórí àgbá epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ̀. Ó bú ẹnu rẹ̀, ó bú orí rẹ̀, ó bú aṣọ tó fi wé irin náà. Wọ́n pe ìrun Àsárì, ó ṣì ń bú, Yésúfù kò sì ní kó dákẹ́.