Bí Hip-hop Ṣe Wọ Sítọ́ọ̀ Kòkó ní Orè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lórí àfihàn iṣẹ́ ọnà tí mo ṣe ní Orè. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni mo kà ní yunifásítì kí n tó padà wálé wá máa ṣe tíṣà. Ní ìkóríta tí àwọn ọkọ̀ Benin ń gbà kọjá ni mo ti máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán sára ọkọ̀, àwọn tó ń jó, àwọn tó ń rap láìsinmi. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó iṣẹ́ wọn jọ sójú kan kí ìlú wá wò ó?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Mo lọ bá wọn pé ká ṣe àfihàn. Dèjì, ọmọ Àgọ́ Aláyé tó ń kun ọkọ̀ ní gáréèjì, tó ní dreads dé èjìká, ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Òun ló mú Tósìn wá, ọmọbìnrin Ajue tó ń fi ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ rap. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Kánfáàsì ò sí, la bá tọrọ àpò kòkó lọ́wọ́ àwọn oníkòkó, a tú u, a nà án mọ́ igi, a yàwòrán sí i.

Bàbá Akínfẹ́nwá, tó ń bójú tó hall ìlú, ti ní ká wá lò ó. Àfi bí ẹnì kan ṣe lọ sọ fún wọn pé àwọn onídreads ló ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tá a fẹ́ ṣe é gan-an ni wọ́n pè mí pé a ò lè lo hall mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀.

“Ọmọ mi, orin àwọn ọmọ ìta nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Tí mo bá ṣílẹ̀kùn fún un, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn òbí?”

A sì ti pe èèyàn káàkiri Òdìgbó! Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí mo wọ̀ padà ni mo ti sunkún.

Dèjì ò sunkún ní tiẹ̀. Ó mú mi lọ bá Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Sítọ́ọ̀ wọn ṣófo nígbà yẹn. Màmá wo àwòrán wa lórí fóònù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí àpò wọn níbẹ̀. Wọ́n ní ká lọ gbálẹ̀, àti pé tí ògiri bá wù wá, ká kùn ún. Ṣé irú ìyẹn la máa kọ̀? Graffiti gba ògiri láti òkè délẹ̀!

Mo padà lọ pe Bàbá Akínfẹ́nwá pé kí wọ́n wá wò ó. Dèjì ní kí n má lọ. Mo lọ.

Lọ́jọ́ náà, èrò kún. Bàbá dé lóòótọ́, àmọ́ ìta ni wọ́n dúró sí. Tósìn wá gba maikirofóònù, ó ń fi Ìkálẹ̀ rap nípa oko gbágùúdá ìyá rẹ̀ àgbà àti nẹ́tíwọ̀kì tí kì í sí. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Nígbà tí n ó fi wẹ̀yìn, Bàbá ti wọlé. Wọ́n ní àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ò tiẹ̀ lè fi Ìkálẹ̀ kí àwọn mọ́.

Wọ́n dúró síwájú àwòrán obìnrin kan tó ń yan gàrí, tí headphone ńlá wà létí rẹ̀. Wọ́n bi wá pé ta ló yà á. Dèjì dọ̀bálẹ̀.

“Ìyá mi ni, sà,” ló wí. “Ìró igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí ni beat tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé.”

Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bàbá wo àwòrán, wọ́n wo ìyá, wọ́n sì na ọwọ́ sí Dèjì, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n sọ níṣojú gbogbo wa pé àwọn ti ṣì í mọ̀. Èmi náà tún sunkún, àmọ́ ti ayọ̀ lèyí!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: tẹ́nì kan bá kọ iṣẹ́ yín láìtíì rí i, ẹ pè é kó wá wò ó. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ yín rí, tó sì padà wá pàtẹ́wọ́ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.

Ìyá Dèjì ò kúrò nídìí àwòrán yẹn títí a fi ti sítọ́ọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń sọ fún pé, “Èmi nìyẹn. Ọmọ mi ló yà á.”