Ohun Tó Jáde Nínú Páìpù MaDlodlo

Ilé MaDlodlo ló wà nísàlẹ̀ pátápátá ládùúgbò wọn ní Njube, ní Bulawayo. Bí páìpù ẹ̀gbin bá ti dí, balùwẹ̀ tirẹ̀ ni ìdọ̀tí gbogbo ilé òkè máa ń rú jáde sí.

Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó ń ro isitshwala, òkèlè àgbàdo wọn, lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ gbùlù-gbùlù nínú balùwẹ̀. Kó tó débẹ̀, omi dúdú ti bo ilẹ̀, ó ti ń wọ yàrá. Òórùn rẹ̀ lé ológbò pàápàá síta. MaDlodlo sunkún díẹ̀, àmọ́ ìbínú rẹ̀ ju ẹkún lọ.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá ṣí kòtò páìpù tó wà níwájú ilé, iyanrìn ni wọ́n ń kó jáde, pẹ̀lú ìwé ìròyìn àti òróró tó ti dì bí ọṣẹ. Omi ẹ̀rọ kì í wá déédéé, iyanrìn làwọn èèyàn fi ń ha ìkòkò, inú páìpù ni wọ́n sì ń dà á sí. Àwọn nǹkan mìíràn náà jáde. MaDlodlo fi omi gbóná fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sórí ọgbà bí ẹni pàtẹ ọjà: ṣíbí, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, eyín àtọwọ́dá.

Àwọn aládùúgbò pé jọ.

"Ẹ wá mú ẹrù yín o," ni MaDlodlo wí. "Mi ò gba owó ìpamọ́."

Khethiwe, ìyàwó tuntun ilé òkè, tẹrí ba. "Màmá, ṣíbí yẹn jọ tèmi."

"Ó jọ tìẹ kẹ̀? Ṣebí orúkọ ìyá ọkọ ẹ ni wọ́n fín sí i lẹ́yìn!"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Mlotshwa, àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ló fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín ká rí i," ni MaDlodlo wí.

Ara bàbá ò gbà á mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, èrìgì lásán!

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ha ìkòkò, inú agolo ni òróró àlòkù ń lọ, ìwé ìròyìn kò sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ọkọ Khethiwe, tó jẹ́ púlọ́ńbà, fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sínú páìpù MaDlodlo, èyí tó ń jẹ́ kí omi jáde, tí kì í jẹ́ kó padà wọlé.

Nígbà tí òjò ńlá dé, MaDlodlo mú ìgbálẹ̀ dání, ó lọ dúró ti balùwẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó sun àgbàdo tuntun, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òjò.