Ìborí Tí Safta So Mọ́ Rovena Lórí

Ẹni ọmọ sin ló bímọ; Safta ló sin ọmọ tirẹ̀. Orí òrùlé tí Gruia, ọmọ náà, ń bá wọn kàn nílùú òkèèrè ló ti já bọ́, inú pósí ni wọ́n sì gbé e wálé. Aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, àga tó ń jókòó lé, ìyá rẹ̀ dáná sun gbogbo rẹ̀ bí àwa ẹ̀yà Roma ní Yúróòpù ti í ṣe é, kí òkú má baà padà wá bèèrè. Rovena nìkan ni iná ò jó. Àfẹ́sọ́nà Gruia ni, ìgbà ìwọ́wé ni wọn ì bá sì ṣègbéyàwó. Safta ò tún fẹ́ nǹkan kan láyé mọ́ ju kí ọmọbìnrin yìí wá bá òun gbé.

Rovena ń bá ẹgbẹ́ eléré kan kiri àwọn àdúgbò wa. Eré ìfẹ́ ni: ọmọkùnrin gbé ọmọbìnrin sá lọ, àwọn bàbá wọn fa ọ̀rọ̀, wọ́n parí ẹ̀, ìyá ọkọ wá so ìborí mọ́ ìyàwó lórí níwájú àwọn àgbà. Gruia ló ń ṣe ọkọ kó tó rìnrìn àjò. Zamfir, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló bọ́ sípò rẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé àdúgbò Safta, Bica, aládùúgbò rẹ̀, bá a tó ń wọ bàtà.

"Ọ̀fọ̀ ò tíì pọ́dún, o ti ń lọ wòran? Kó o kúkú lọ jó!"

"Wòran kọ́. Ìyàwó ọmọ mi ni mò ń lọ wò."

"Ìyàwó wo? Ta ló so ìborí mọ́ ọn lórí? Ọmọ ọlọ́mọ ni, Safta."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Safta débi eré.

Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, obìnrin àgbà kan láàárín òǹwòran ni wọ́n máa ń pè sórí ìtàgé pé kó wá ṣe ìyá ọkọ. Rovena na ọwọ́ sí Safta. Bóyá ó rò pé yóò tù ú nínú.

Ìborí eré wà nílẹ̀. Safta ò tiẹ̀ wò ó. Ó fa èyí tó rà fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ yọ láyà, ó so ó mọ́ Rovena lórí, ó tún un so, ó kọjú sí àwọn àgbà àdúgbò tó wá wòran.

"Mo so ó mọ́ ọn lórí fún ọmọ mi. Gbogbo yín rí i. Ilé mi ló ń bọ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn èèyàn. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a bá so níwájú àgbà kì í ṣeré. Bàbá Pardaian, tó ń dájọ́ àdúgbò, dìde.

"Safta, òkú lo ń fẹ́yàwó fún?"

"Bàbá, ṣé ẹ ò mu nínú ọtí ìtọrọ rẹ̀ ni?"

"Mo mu ún. Mo sì mu ti ìsìnkú rẹ̀." Ó yíjú. "Rovena, ìwọ lo lorí ẹ. Kí lo wí?"

Rovena di ìka Safta mú. "Ìyá, ká ní Gruia wà láàyè, eré ni ǹ bá sá wá. Ta ni mo fẹ́ wá ṣaya fún nínú ilé yẹn?"

"Kó o ṣáà jókòó tì mí. Mi ò ní rán ẹ níṣẹ́. Mi ò ní jẹ́ kó o fọwọ́ kan omi tútù."

"Mo ṣì kéré, Ìyá."

Rovena bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìborí náà. Kókó kejì le, Zamfir ló bá a tú u. Ọwọ́ ọmọkùnrin náà kan ọrùn rẹ̀, Rovena ò sì yẹra. Safta rí i.

Ó gba ìborí náà, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò parí eré. Bica ní kóun sìn ín wọlé, Safta ní rárá. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ àwọn eléré ń lọ. Ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wá ẹni tí òun ì bá bínú sí, kò rí. Ká ní ó rí ni, ì bá ní nǹkan tí yóò jí ṣe lọ́la.